Mowé, Ìbàfò, Ifọ̀: Ibi Tí Ìrìn Àjò Mi sí Ṣáínà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè mẹ́rin ló dá ẹsẹ̀ mi dúró. Ìwé ìrìnnà mi ti wà nílẹ̀. Mo ti mọ iye tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gba Addis Ababa lọ sí Guangzhou yóò gbà, mo sì ti ń ka ọjọ́ tó kù kí ìpàtẹ ọjà oṣù kẹrin tó ṣí. Àfi bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ṣáínà ṣe kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé: Irú ìrẹsì wo ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí? Báwo ni hóró rẹ̀ ṣe gùn tó, báwo ló sì ṣe nípọn tó? Kílò mélòó ni ẹ fẹ́ kó gbà ní wákàtí kan? Iná mànàmáná yín ńkọ́, ṣé fééṣì kan ni tàbí mẹ́ta?

Mo jókòó nínú yàrá mi ní Mowé, mo tẹjú mọ́ ìbéèrè wọ̀nyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi tí mo ń múra láti la òkun kọjá lọ wo ilé iṣẹ́ onílé kò mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ẹ̀rọ náà.

Bí ó bá ṣe pé owó tèmi ni, ǹ bá ti fojú bu ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n owó obìnrin 24 ni. Àbúrò màmá mi, Àǹtí tó ń gbé ní Ọ̀fàdà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe ìrẹsì ló ti ń dá owó náà jọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n lè ra ẹ̀rọ tí yóò máa yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì wọn. Èmi ni wọ́n yàn láti lọ rà á, nítorí pé mo ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ra ọjà kéékèèké láti Ṣáínà. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú owó náà, owó oko ọdún tó ń bọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá ṣìnà, kì í ṣe ojú tèmi nìkan ni yóò tì.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ló so ayé àwa ará Ìbàfò àti Mowé rọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ni àwọn ìlú méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni owó ilé Èkó lé débẹ̀. Ìdájí ni a ń jáde, alẹ́ ni a ń wọlé, a kò sì mọ̀ ju ọ̀nà Èkó lọ. Láti Mowé ni ọ̀nà ti yà lọ sí Ọ̀fàdà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìrẹsì tí gbogbo aláṣè ń wá kiri. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò ní Mowé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo sì ń lọ kí Àǹtí. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gun ọ̀kadà, mo lọ.

Òórùn ìrẹsì tí wọ́n rẹ sómi ló kọ́kọ́ pàdé mi. Wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan tèèpo-tèèpo, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìbó. Ìgbà tí wọ́n bá ń sá a ni òkúta ń bá a rìn. Mo rí èyí tó wà lórí tapólì, mo rí èyí tó wà lórí ilẹ̀ lásán, mo sì rí èyí tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe máa sá gbogbo rẹ̀ sórí tapólì?"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Tapólì mélòó lo rà wá?"

Mo pa ẹnu mi mọ́, mo jókòó tì wọ́n, a jọ ń ṣa ìrẹsì. Nínú kóńgò kan ṣoṣo, mo ṣa òkúta 31. Ó gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ẹ̀yìn sì ti ń ro mí. Mo ṣe àlàyé ẹ̀rọ náà fún wọn bí mo ṣe kà á: atẹ́ irin onílùúholúho ni, ó dà gẹ̀rẹ́, ó sì ń gbọ̀n. Fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn láti abẹ́ rẹ̀ wá sókè. Ìrẹsì tó fúyẹ́ á léfòó lórí atẹ́gùn náà, á ṣàn lọ sísàlẹ̀. Òkúta tó wúwo á dì mọ́ atẹ́, ìgbọ̀n náà á sì máa tì í gòkè títí yóò fi bọ́ síta lápá òkè. Bí atẹ́gùn bá kéré jù, òkúta àti ìrẹsì á jọ dì mọ́ atẹ́, wọn á sì jọ gòkè. Bí ó bá pọ̀ jù, ìrẹsì á fò dànù.

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Bí a ṣe ń fẹ́ ẹ náà nìyẹn. Ẹni tó bá máa fẹ́ ìrẹsì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wúwo tó."

Ọ̀rọ̀ náà ni ilé iṣẹ́ yẹn ń bi mí. Mo yá irin ìwọ̀n lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, mo gba ìrẹsì lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta, mo wọn hóró 20 nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn kò bára dọ́gba rárá. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Irúgbìn oríṣiríṣi ló ń wọnú ara wọn lóko, kò sì dà bí ìrẹsì inú àpò ilẹ̀ òkèèrè tí hóró rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, mo bèèrè iye tí wọ́n ń bó. Ní àkókò ìkórè pàápàá, àwọn 24 náà kì í kó ju àpò 20 jọ lọ́sẹ̀, àpò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílò 50. Tọ́ọ̀nù kan lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí mo sì ti fẹ́ san owó lé lórí ń gba tọ́ọ̀nù kan ní wákàtí kan! Wákàtí kan ni ìbá máa fi ṣiṣẹ́, kó wá fi ìyókù ọ̀sẹ̀ sùn. Ní ti iná, waya fééṣì kan péré ló wọ ilé ẹ̀rọ ìbó náà, ẹ́ńjìnnì oní-dísù ló sì ń ṣe iṣẹ́ jù níbẹ̀.

Ìbàfò ni mo gbà lọ lẹ́yìn èyí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta táìlì àti ilẹ̀kùn fún àwa tí a ń kọ́lé, ó sì ti lọ sí Guangzhou àti Foshan lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rẹ́ mi ló mú mi lọ kí wọn. Wọ́n ní kí n jókòó lórí páálí táìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àṣìṣe ara wọn.

"Ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ lọ rà. Ó dára lójú, ó sì pọ́n. Ìgbà tí kọ̀ńténà dé ni mo mọ̀ pé wọn ò wọ férémù tí àwọn kápẹ́ńtà wa ń kàn. Ṣé ẹ̀bi àwọn ará ibẹ̀ ni? Mi ò wọn férémù ilé wa kí n tó lọ."

Wọ́n sọ fún mi pé ìpàtẹ ọjà Guangzhou, tó ti wà láti ọdún 1957, ń wáyé ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì ń pín in sí. Ìpele kìíní ni ti ẹ̀rọ. Ẹni tó bá dé ní ìpele kẹta yóò bá aṣọ àti ohun ìṣeré ọmọdé, kò ní bá ẹ̀rọ. Wọ́n ní ojú ni a ń lọ rí níbi ìpàtẹ, pé ilé iṣẹ́ gan-an lè wà ní ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá jẹ́ Wuhan, ní ẹkùn Hubei, ọkọ̀ ojú irin asáré tí wọ́n ṣí ní òpin ọdún 2009 yóò gbé ènìyàn débẹ̀ láti Guangzhou ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má lọ ní àkókò ọdún tuntun wọn, láàárín oṣù kìíní àti oṣù kejì, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ á ti lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí n má sì lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, ìsinmi ìjọba ni.

"Ọ̀pọ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kì í ṣe ilé iṣẹ́, alágbàtà ni. Gba ìwé àṣẹ òwò wọn, kí o wo ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ìjọba gbà wọ́n láyè láti ṣe sí. Tí o bá débẹ̀, kí o gbóòórùn irin tí wọ́n ń jó. San ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sílẹ̀, má san ìyókù títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi rí i kó ṣiṣẹ́. WhatsApp àti Google kì í ṣí níbẹ̀. WeChat ni kí o lò. Jẹ́ kí wọ́n kọ àdírẹ́sì hòtẹ́ẹ̀lì rẹ sínú ìwé ní èdè wọn. Àlejò lójú, kò fi ríran."

Ní ti ìwé, wọ́n tò ó fún mi lẹ́sẹẹsẹ: físà òwò tí wọ́n ń pè ní M, pẹ̀lú lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tàbí ìpàtẹ náà, káàdì ibà pọ́njú, Fọ́ọ̀mù M ní báńkì kí wọ́n tó di ẹrù sọ́kọ̀, àti ìwé ẹ̀rí SONCAP tí àjọ SON ń béèrè. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ di ẹrù, tó wá ń wá ìwé kiri lẹ́yìn náà, èbúté ni yóò ti sanwó àìgbọ́n.

Ìrìn àjò kẹta ló gùn jù. Ọlọ́kọ̀ ẹ̀rọ ìbó ní Ọ̀fàdà ti sọ fún mi pé wẹ́dà kan ní Ifọ̀ ló ń tún ẹ̀rọ òun ṣe. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Mowé àti Ifọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo mọ̀ ni kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Berger, kí n wọ Èkó, kí n tún gba Sángó jáde sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ní Ifọ̀, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n là láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ṣì wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka tó lọ sí ọ̀nà Ìlaró ti yà kúrò lára rẹ̀. Ojú irin tuntun tí ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan ṣe náà kọjá ní agbègbè yẹn, ó sì ti ń kó èrò láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ní Kajola, tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí yóò máa to wágónù pọ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2019. Mo rò ó nínú ara mi pé kí àwọn ará Ṣáínà tó la irin kọjá ìlú yìí, wọ́n ti ní láti wọn ilẹ̀ náà. Èmi ọmọ ilẹ̀ kò tíì wọn hóró ìrẹsì kan.

Wẹ́dà náà kò bá mi jiyàn. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè kan tó ti dípẹtà hàn mí.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló pa á?"

"Bẹ́ríńgì kan. Nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lọ́jà wa. Olówó rẹ̀ wá a títí, ó sú u." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé bẹ́ríńgì 6205 tàbí 6206 la fẹ́. Èyí kò wọ́n níbí. Ẹ gba bẹ́líìtì méjì àti atẹ́ méjì sí i. Ìdúró rẹ̀ àti ẹnu tí ẹ ó máa da ìrẹsì sí, mo lè jó ìyẹn. Atẹ́ yẹn ni mi ò lè lu kí ihò rẹ̀ dọ́gba."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ọ̀fàdà, mo sọ fún àwọn ìyá náà pé oṣù kẹrin kò ṣeé ṣe mọ́, ó di oṣù kẹwàá. Ariwo sọ. Ẹnì kan bèèrè pé ìgbà wo ni àwọn yóò ṣa òkúta dà. Òmíràn dìde, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Wọ́n dá a padà fún un láìjà, ó ku àwọn 23. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kí a tó tú ká, Àǹtí dábàá pé kí wọ́n mú díẹ̀ nínú owó náà ra tapólì mẹ́fà.

Mo fi ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí Ṣáínà, mo fi ti bẹ́ríńgì kún un. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fi hàn mí: ó kéré, fééṣì kan ló ń lò, ẹ́ńjìnnì sì lè fi bẹ́líìtì yí i. Iye rẹ̀ kò tó ìdajì iye ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò irú ìrìn yìí, ẹ má jẹ́ kí físà àti tíkẹ́ẹ̀tì gba gbogbo ọkàn yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ilé iṣẹ́ lẹ́yìn odi tó lè sọ fún yín ohun tí ará ilé yín nílò. Àwọn gan-an ni yóò bi yín.

Nígbà tí mo tún ṣa kóńgò ìrẹsì kan tí wọ́n sá sórí tapólì tuntun, òkúta 12 ni mo bá nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò tíì dé, mi ò tíì rí físà gbà, iṣẹ́ sì ti dín kù.

Irúgbìn àti erùpẹ̀ kì í rọrùn láti gbé kọjá ẹnubodè, nítorí náà ìrẹsì kò ní bá mi lọ. Àwòrán hóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà ni mo ń gbé lọ, pẹ̀lú agolo mílíìkì kan tí Àǹtí kó òkúta 31 àkọ́kọ́ yẹn sí. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní.

"Kó wọn sínú ìrẹsì tí o bá bá lọ́wọ́ wọn níbẹ̀," ni Àǹtí wí. "Kà á nígbà tó bá jáde. Bí kò bá pé 31, má sanwó."