Pẹ́dàlì Gìtá Tó Bá Àbújá Mu
Tí ẹni tó ń gbé gìtá láti Kubwa lọ sí Garki nínú ọkọ̀ èrò bá bi mí pé pẹ́dàlì wo ni kóun rà, ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Zoom G1 Four ń lo bátìrì AA mẹ́rin, Boss ME-80 ń lo mẹ́fà. Bátìrì kì í gbé ariwo jẹnẹrétọ̀ wọlé bíi ti ṣájà. Bó bá sì jẹ́ ṣájà 9V lẹ fẹ́ lò, ẹ wo àwòrán kékeré ara rẹ̀: àmì ìyọkúrò ló gbọ́dọ̀ wà láàárín.

Ìró inú àwọn pẹ́dàlì yìí pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n compressor, chorus díẹ̀ àti delay (ìró tó ń tún ara rẹ̀ sọ) ti tó gìtá jùjú. Delay yẹn gba sùúrù o. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ tap tempo kó bá ìlù mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa bá omele jà. Ẹ gbọ́ Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, bí àwọn gìtá ibẹ̀ ṣe mọ́ kedere tó. Àwọn tó ń fi distortion bo orin ìyìn mọ́lẹ̀ láàárọ̀ Sunday, mi ò mọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́.

Tí wọ́n bá so yín tààrà mọ́ míkísà, bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣe, ẹ tan cabinet simulation (àfarawé ìró àpótí sípíkà gìtá), kí ìró má baà máa ha etí. Tó bá jẹ́ áńpù gìtá ni wọ́n so yín mọ́, ẹ pa cabinet simulation yẹn.