Ọ́ìlì Dúdú

Mo pe àgbàlagbà kan lólè. Orí fóònù ni mo ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe lójúkojú, èyí tó tún wá burú jù.

Bàbá Mẹkáníìkì ni gbogbo wa ń pè wọ́n nílé. Wọ́n ju bàbá mi lọ. Àwọn ló ń tọ́jú Hilux bàbá mi láti ìgbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì. Toyota ọdún 2006 ni, oní-dísẹ́ẹ̀lì, tó ní tọ́bò. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á. Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi fi ń kó láti oko wá sí Òǹdó, ibẹ̀ sì ni owó ilé-ìwé mi ti ń jáde. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́, wọ́n ní kí n máa gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kí n gbé e wálé wá pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ Bàbá Mẹkáníìkì. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe tìtorí ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a pààrọ̀ ọ́ìlì. Nígbà tó di Wẹsidé, mo fa gééjì yọ ní Ìbàdàn, mo fi bébà funfun nù ún. Ọ́ìlì ọjọ́ mẹ́rin, ó ti dúdú bíi kóró iṣin. Ara mi gbóná. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn wọn: àwọn kan ń ṣa kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tó ti ṣófo, wọ́n á rọ ọ́ìlì àlòkù sínú rẹ̀, wọ́n á sì dé e padà bíi tuntun. Mo tún wá rántí pé mo ti rí òkìtì kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá, tí wọ́n ti dá ihò sí gbogbo wọn lára. Kí ni wọ́n ń fi ihò yẹn bò mọ́lẹ̀? Mo gbé fóònù.

"Ẹ máà bínú o, Bàbá, ṣùgbọ́n ọ́ìlì àlòkù lẹ rọ sínú ọkọ̀ yìí. Olè nìyẹn."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa, ọmọ mi." Wọ́n sì pa fóònù.

Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó máa ṣe é. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, ohun tí a kọ sílẹ̀ kò lè ṣòro fún mi. Ìwé ọkọ̀ náà sọ CF-4. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọ́ìlì, mo rí èyí tí wọ́n kọ SN sí lára. Ẹ wo bí orí mi ṣe ṣiṣẹ́: S wà lẹ́yìn C, N wà lẹ́yìn F, a jẹ́ pé SN ni ẹ̀dà tuntun, CF-4 ti gbó. Ní tèmi, ẹ̀dà tuntun ni mo máa ń gbé sórí ohun gbogbo. Mo san owó gọbọi fún kẹ́ẹ̀gì lítà 4 méjì.

Ká sọ òótọ́, mo gbádùn iṣẹ́ náà. Hilux ga, n kò nílò jáàkì. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn, mo pa á, mo gbé abọ́ ike sábẹ́ rẹ̀, mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Mo yọ fílítà, mo fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun lára kó má baà fà ya, mo fi ọwọ́ lásán dè é. Àrọ tí ìyàwó mi fi ń da òróró ni mo fi rọ bíi lítà 7. (A ti ra àrọ mìíràn fún wọn.) Ọ́ìlì náà dà bí oyin. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo fa gééjì. Kóró iṣin.

Èmi ni mo rà á, èmi ni mo ṣí i, èmi ni mo rọ ọ́. Ta ni mo fẹ́ pè lólè báyìí?

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kàwé tó yẹ kí n ti kà kí n tó gbé fóònù. Bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń ṣe èérí dúdú bíi ti ìdí ìkòkò orí iná igi. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti gbé èérí náà mọ́ra kó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ìyẹn nìkan kọ́: tí èèyàn bá tú ti àtijọ́ dànù, díẹ̀ á ṣì kù sínú ẹ́ńjìnnì, òun ló sì máa kọ́kọ́ pa tuntun láró. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bíi tiwa, ọ́ìlì tó dúdú kíákíá, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Lẹ́tà wọ̀nyẹn ńkọ́? American Petroleum Institute ló ń tò wọ́n. Ìdílé méjì ni wọ́n, kì í ṣe ẹ̀dà kan tó jù kan lọ: S fún bẹtiróòlù, C fún dísẹ́ẹ̀lì. Inú ìdílé C ni CF-4 ti jáde ní 1990, CH-4 ní 1998, CI-4 ní 2002, CI-4 sì lè ṣe iṣẹ́ CF-4. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń ní imí-ọjọ́ nínú, tó bá sì jóná, ó ń di ásíìdì. Ọ́ìlì C ní èròjà tó ń pa ásíìdì náà, tó sì ń gbé èérí. Àwọn ọ́ìlì kan wà tó gba lẹ́tà méjèèjì. Tèmi kò gba C rárá. Owó ti wọlẹ̀.

Mo ra 15W-40 tó ní CI-4, mo wakọ̀ lọ sí Òǹdó. Bàbá mi ń bi mí pé kí ló dé tí mo tètè wá. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé Bàbá Mẹkáníìkì kò sọ fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn, níwájú àwọn ọmọṣẹ́, tòun ti ọ́ìlì tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé aṣọ mi ń bàjẹ́. Wọn kò sọ pé wọ́n ti dárí jì mí. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì.

Àárín iṣẹ́ ni wọ́n ti bi mí pé, "Tó o bá sáré dé láti Ìbàdàn, ṣé o máa ń jẹ́ kó mí kó o tó pa á?"

Mo ní rárá, mo máa ń pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni.

Wọ́n mi orí. Tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, èéfín gbígbóná ló ń yí i, ọ́ìlì ló sì ń tù ú lára. Tó o bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, ọ́ìlì ò ní ṣàn mọ́, èyí tó kù níbẹ̀ á jóná mọ́ irin. Ìṣẹ́jú kan sí méjì, kó rọra máa dún nílẹ̀, ó tó. Ọdún méjì ni mo ti ń pa ọkọ̀ náà lójijì.

Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ ṣófo, wọ́n mú sukudiráfà, wọ́n gún un ní ìdí.

"Kí lẹ ṣe ń gún un, Bàbá?"

"Kí àwọn tó ń rọ ayédèrú má baà rí i lò."

N kò lè gbé ojú sókè. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kejì tó bíi lítà kan. Wọ́n dé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa fi bù kún un tí gééjì bá wálẹ̀. "Tó bá tán, má jù ú nù. Mú un bọ̀."