Táyà Wa Bẹ́ ní Ọ̀nà Ọ̀kà

Ẹni tí kò bá tíì dé Àkókó rí kò tíì mọ ohun tí òkè ń jẹ́. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, oko iṣu láàárín wọn. Lónìí tí ọ̀kadà pọ̀, ọ̀nà náà kò tó nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1965, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbójú lé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí a ti kírun Àsùbáà tán ní Ìkàrẹ́, ìránṣẹ́ dé láti Ọ̀kà pé ìyá wa àgbà ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìrun Àílà ni wọn yóò sin ín. Ìyá náà ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé kí n wà lára àwọn obìnrin tí yóò wẹ òun. Aṣọ funfun tí a ó fi dì í, márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ti obìnrin, ọwọ́ mi ló sì fi pamọ́ sí. Mo gbé ẹrù aṣọ náà lé itan, mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, àbúrò mi ọkùnrin ń wà á.

A kọjá Àkùngbá, ìlú tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà nísinsìnyí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ohun eré o. Ní oṣù January 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí apá awakọ̀ kò ká mọ́ pa ènìyàn níbẹ̀.

Bí a ti kọrí sí Ọ̀kà ni a gbọ́ “tòò!” Táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ihò kékeré ni à bá fi sólúṣọ̀n pa, kí a lẹ̀ ẹ́; èyí gùn tó ìka mi.

Ọkùnrin kan ń bọ̀, ó wọ agbádá, Bíbélì wà lábíyá rẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o. Kí ló dé?”

“Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Táyà ló bẹ́, ìyá wa àgbà la sì ń lọ sin.”

“Háà! Ẹ kú aráfẹ́rakù.”

Ó bọ́ agbádá, ó wọ inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kó ewé gbígbẹ jáde. Ó lọ́ ọ bí okùn, ó ń kì í bọ inú táyà dípò tíúbù títí táyà fi le gbagidi. A gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lókèèrè, kò gbójú sókè.

“Kò lè gbé ẹni méjì o,” ni ó wí.

Ọkàn mi dàrú. Bí mo bá gun kẹ̀kẹ́, n kò mọ̀ ọ́n wà. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn, wọ́n lè wẹ̀ ẹ́ tán kí n tó dé. Mo gbé aṣọ lé àbúrò mi lọ́wọ́: “Máa lọ. Sọ fún wọn pé mo ń bọ̀.” Ẹ̀yin tó ti gun òkè náà rí lè bá mi sọ bí ẹsẹ̀ mi ti rí.

Nígbà tí mo dé, omi ìkẹyìn tí wọ́n fi káfúrà sí ló kù. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì dà á.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo din àkàrà sàráà, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo dúró títí wọ́n fi jáde. N kò rí bàbá náà. Àwọn ọmọ wọn ló jẹ àkàrà.