Adigunjalè Tí Kò Jí Nǹkan Kan

Ní Wharf Road, Àpápá, kò sí ẹrù tí kò ní nọ́ńbà. Kọ̀ǹténà tó bá gúnlẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Ìwé wà tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín àti ibi tó ti wá. Àwọn aṣọ́bodè yóò yẹ̀ ẹ́ wò, aṣojú ẹlẹ́rù yóò buwọ́ lùwé, awakọ̀ tírélà yóò sì fi ìwé àṣẹ han ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kí ó tó jáde. Ojú ọ̀nà náà kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti sùn sórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rí, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Bí páálí kan ṣoṣo bá dín nínú ẹrù, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ta ló gbé e, ìgbà wo ló gbé e, ẹnu ọ̀nà wo ló gbà?

Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní Creek Road, ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ThisDay wà. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 22 oṣù Kejìlá, ọdún 2006, Godwin Agbroko, alága ìgbìmọ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ olóòtú fún ìwé ìròyìn náà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó wa ọkọ̀ rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà ilé. Kò délé. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ lójú pópó márosẹ̀ nílùú Èkó. Ọta ìbọn kan ṣoṣo ló bà á, ọrùn ló sì ti bà á. Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Agbroko kì í ṣe àjèjì sí ewu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn The Week. Àwọn agbófinró wá gbé e, wọ́n sì tì í mọ́lé fún oṣù mélòó kan. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní PEN ní Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ òmìnira àtikọ̀wé dá a lọ́lá. Ó la àtìmọ́lé ológun já. Ọdún kẹwàá lẹ́yìn náà, nínú oṣù Kejìlá kan náà, nígbà tí àwọn alágbádá ti wà lórí àlééfà fún ọdún méje gbáko, ni ìbọn pa á lójú ọ̀nà ilé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu ọlọ́pàá jáde ni pé iṣẹ́ adigunjalè ni. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní Èkó ìgbà náà, kò sí ìdílé tí kò ní ìtàn adigunjalè kan láti sọ, pàápàá nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀: kò sí ohun ìní rẹ̀ kankan tí wọ́n mú lọ. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá Èkó fúnra wọn yí ohùn padà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti jí nǹkan kan, ó dà bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n dìídì pa ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìwádìí ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ó dúró sí. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà, ọdún sì ń gorí ọdún.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, "adigunjalè," bí wọ́n ṣe ń lò ó lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó jọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ nínú, kò ní ojú, kò sì ní àdírẹ́sì. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé òjò ló wó ilé. Ta ni yóò lọ mú òjò? Ní kété tí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde, ẹbí òkú yóò gbà pé kádàrá ni, aládùúgbò yóò kó irin mọ́ fèrèsé, fáìlì yóò sì lọ sùn sínú àpótí.

Lóòótọ́, kò sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Olè lè yìnbọn tán, kí ẹ̀rù ohun tó ṣe bà á, kí ó sì sá lọ lọ́wọ́ òfo. Ó lè rí iná ọkọ̀ mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán. Ìdí gan-an tí ìwádìí fi wà nìyẹn. Irú ìbọn wo ni ọta náà ti wá? Ṣé ọkọ̀ wà lórí ìrìn nígbà tí ọta bà á, àbí ó ti dúró? Ta ló pè é lórí fóònù kẹ́yìn? Ta ló mọ àkókò tó máa ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Kò sí èyí tó nílò iṣẹ́ ìyanu nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, bíi kíka ẹrù ní èbúté.

Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn ikú Agbroko tí ìbọn tún fi pa Abayomi Ogundeji, ọmọ ìgbìmọ̀ kan náà ní ThisDay, ní Èkó, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ náà nìyẹn: adigunjalè. Àwọn tó ń jókòó yí tábìlì kan ká láti pinnu ohun tí ìwé ìròyìn yóò sọ lórí ọ̀rọ̀ ìlú wá rí i pé ìjókòó méjì ti ṣófo. Ní ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009, ó kan The Guardian. Àwọn agbébọn yìnbọn pa Bayo Ohu, igbákejì olóòtú ìròyìn, nínú ilé rẹ̀ ní apá Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ lọ. Lójú olè, ọjà ni nǹkan méjèèjì. Lójú akọ̀ròyìn, inú wọn ni orúkọ àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ wà, àti ìròyìn tí kò tíì kọ tán.

Àwọn òǹkàwé tó ti dàgbà yóò rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì bí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ pa Dele Giwa, olóòtú àgbà Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa ẹjọ́ náà láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn. Ní 23 oṣù Kejìlá, ọdún 2001, wọ́n pa Olóyè Bọ́lá Ìgẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni mínísítà ètò ìdájọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà náà. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ikú rẹ̀ gba ìdásílẹ̀. Bí ikú ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba bá lè wà bẹ́ẹ̀ láìsí ìdáhùn, kí ni ọmọ mẹ̀kúnnù yóò retí?

Níbi tí òfin bá ti dákẹ́, ẹnu ìlú kì í dákẹ́. Àwọn àgbà ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ ẹjọ́ nílé ọtí àti nínú dánfó. Ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ kankan nílé ẹjọ́, kò sì yẹ kí ó dá a. Igbe kì í ṣe ẹ̀rí. Bí a bá fi òwe náà dá ẹjọ́, aláìṣẹ̀ lè ru ẹ̀bi, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà sì máa jókòó láàárín àwọn tó ń dá ẹjọ́ ọ̀hún. Ohun kejì tí àìṣèwádìí ń ṣe nìyẹn: kì í kàn dá apànìyàn sí, ó tún ń fi gbogbo ènìyàn sí ìfura ara wọn.

Àwọn kan a máa pe irú ikú báwọ̀nyí ní àdììtú. Ìrírí orílẹ̀-èdè Gáńbíà fi hàn pé orúkọ náà kò bá a mu rárá. Ní alẹ́ 16 oṣù Kejìlá, ọdún 2004, ọdún méjì péré ṣáájú ti Agbroko, Deyda Hydara, ọ̀kan lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn The Point sílẹ̀, kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ń wakọ̀ lọ sílé. Wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì farapa. Fún gbogbo àkókò tí Yahya Jammeh fi wà lórí ìjọba lẹ́yìn náà, ikú yìí kò ní ìdáhùn. Ẹbí rẹ̀ àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń béèrè ẹni tó pa Deyda Hydara.

Nígbà tí ìjọba Jammeh wó ní ọdún 2017, orílẹ̀-èdè náà gbé ìgbìmọ̀ òtítọ́ kalẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Malick Jatta jókòó níwájú ìgbìmọ̀ náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun wà lára àwọn tó yìnbọn náà. Ní 30 oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan nílùú Celle ní Jámánì rán Bai Lowe, tó jẹ́ awakọ̀ fún ikọ̀ apànìyàn náà, sí ẹ̀wọ̀n gbére. Láti 2004 dé 2023 jẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ nígbà tí wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í dédé rìn. Ní Gáńbíà, ẹnì kan béèrè, ẹnì kan pe ẹlẹ́rìí, ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ka ohun tí wọ́n kọ. Èkó ní irinṣẹ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, ọdún tó tẹ̀ lé ikú Agbroko, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tuntun lórí ìwádìí ikú òjijì àti ikú tó bá ti ipa ìwà ipá wá. Òfin náà fún adájọ́ kan, tí wọ́n ń pè ní kọ́rónà, lágbára láti pe ẹlẹ́rìí ní gbangba kí ó sì béèrè: ta ni òkú yìí, ibo ló kú sí, ìgbà wo ló kú, kí ló pa á? Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ló wádìí ilé tó wó ní ìjọ Synagogue ní Ìkọ̀tún ní ọdún 2014, tó pa ènìyàn 116. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í gbó lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Bí ẹ̀rí bá yọjú lónìí lórí ẹni tí wọ́n pa ní 2006, ìjọba ṣì lè gbé ẹni tí ẹ̀rí náà bá tọ́ka sí lọ sílé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn nìkan. Ajégúnlẹ̀ bá Àpápá pààlà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Boundary mọ̀ pé kò pẹ́ rárá kí ènìyàn tó bọ́ sí ìkejì. Bí wọ́n bá rí òkú ọmọ oníṣòwò kan ní kùtùkùtù òwúrọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà tí yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba. Kò sí ìwé ìròyìn tí yóò gbé àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bí alága ìgbìmọ̀ olóòtú, tó ní ìwé ìròyìn lẹ́yìn tí gbogbo ayé sì mọ orúkọ rẹ̀, kò bá rí ìdáhùn gbà, àpótí tí fáìlì tirẹ̀ wà náà ni fáìlì ọmọ yẹn yóò lọ. Ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Ọmọbìnrin Agbroko, Ruona, kò sá fún iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe. Òun náà di akọ̀ròyìn. Ní ọdún 2018, ó wà lára àwọn tó ṣe ètò orí tẹlifíṣọ̀n BBC tó tú àṣírí àwọn tó ń ta oògùn ikọ́ olóró ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Kò pẹ́ tí ètò náà jáde tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn náà wọlé, iṣẹ́ náà sì mú orúkọ rẹ̀ wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ Emmy ti àgbáyé ní ọdún 2019. Ìbéèrè ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà: ta ló ń tà á, ta ló ń rà á, ọ̀nà wo ló gbà wọlé? Irú ìbéèrè kan náà ni ikú bàbá rẹ̀ ń dúró dè.

Ní Wharf Road, kò sí ẹni tó gbà pé kọ̀ǹténà kàn pòórá. Ọ̀gá èbúté kò lè jókòó kí ó sọ pé àdììtú ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí ìwé, kí ó ka nọ́ńbà, kí ó sì pe àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún páálí bàtà àti àpò ìrẹsì, ó yẹ kí ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ lè ṣe é fún ọkùnrin kan tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ilé rẹ̀ ń retí rẹ̀.