Láíbìrì Lè Bá Àwọn Ìyá Wa Wá Oúnjẹ

Bí a bá dárúkọ láíbìrì, ìdánwò ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn: tábìlì gígùn, fáànù tó ń pariwo, Wi-Fi tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ẹnì kan tó ti sùn lé ìwé lórí. Oúnjẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, láíbìrì wà lára àwọn ibi tó yẹ kí ìdílé tí ebi ń pa kọ́kọ́ gbà lọ.

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Benin mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni dírẹ́bà ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ń bẹ lẹ́bàá títì lọ súà. Ìlú tó ń bọ́ arìnrìn-àjò ni. Àmọ́ ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì lè má mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ lálẹ́. Torí pé Ọ̀rẹ̀ sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó, ibẹ̀ ni àwọn ará Ajue, Agbabu, Araromi Obu àti àwọn àgọ́ inú oko máa ń gun ọ̀kadà wá bí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé.

Mo fi ìsinmi kan bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì. Mo rò pé títẹ ìwé àti fótókọ́pì ni iṣẹ́ mi máa jẹ́. Àwọn ìyá ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n á kó ìwé wọn jáde látinú ọ̀rá, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, bá mi fi orúkọ mi sí owó Tinubu." Àwọn kan ti rí ìkànnì kan lórí WhatsApp ọmọ wọn tó ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà báǹkì wọn síbẹ̀ kí owó lè wọlé. Àwọn mìíràn ti san owó fọ́ọ̀mù fún ẹnì kan ládùúgbò. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìjọba. Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó lẹ àmì orílẹ̀-èdè mọ́ ọn lórí, ó sì ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń rìn gan-an, torí àìmọ̀ yìí ni àwọn oníjìbìtì fi ń jẹun. Ní October 17, 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní ₦25,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta. Ní January 2024 wọ́n dá ètò náà dúró nítorí ẹ̀sùn lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ní NIN, àti pé inú àkáǹtì ni owó máa gbà wọlé. Látinú ìwé orúkọ àwọn aláìní tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń mú ìdílé. Fún àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé, bí orúkọ ṣe ń wọ ìwé yẹn ni pé wọ́n á pe àwọn ará àdúgbò jọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dárúkọ àwọn tí nǹkan le fún jù láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ á wá sílé láti béèrè iye ọmọ, irú òrùlé àti ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ẹ rí i pé kò sí fọ́ọ̀mù kankan tí Mama fẹ́ rà. Àwọn aládùúgbò ló máa dárúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí nílé lọ́jọ́ ìpàdé ńkọ́? Bí àgọ́ rẹ̀ bá jìn, tó jẹ́ pé Ebira tàbí Tiv ni, tí àwọn onílé sì ń pè é ní àlejò lẹ́yìn ogún ọdún tó ti ń roko níbẹ̀, ta ló máa rántí rẹ̀? Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa láíbìrì.

Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní SNAP. Ìjọba ń fi owó sórí káàdì, oúnjẹ nìkan ni èèyàn sì lè fi rà. Ní 2024, ó ju ogójì mílíọ̀nù èèyàn lọ tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé béèrè gbọ́dọ̀ rí èsì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo pátápátá, láàárín ọjọ́ méje. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọ̀wé béèrè, ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà nílé á gba láíbìrì àdúgbò rẹ̀ lọ. Ní Bìrìtìkó náà, láti 2022 ni Healthy Start, tó wà fún aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin nínú ìdílé tí owó wọn kò tó, ti kúrò lórí ìwé bọ́ sórí káàdì tí wọ́n ń béèrè fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì kò ní agbára láti sọ pé kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Tábìlì, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé, àti ẹni tó máa fi sùúrù ka ohun tó wà níbẹ̀ fún yín láìgba owó ni wọ́n ní.

Ètò tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Bí a bá kàn da iṣẹ́ wọn kọ, kò ní bá wa mu. Ohun tí láíbìrì lè ṣe ní Ọ̀rẹ̀ ni kó mú kí ìwé ìyá kan ti pé kí ọjọ́ tó pé, kó sì jẹ́ ibi tí òótọ́ wà.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ NIN. Láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọjọ́ ìbí sí òdì, láti 2025, àtúnṣe rẹ̀ ju ₦28,000 lọ. Ìyẹn ju owó oṣù kan tí ìjọba fẹ́ fún Mama lọ! Mo rí ìyá kan tí wọ́n kọ January 1, 1950 fún lórí NIN, tó jẹ́ 1964 ni báǹkì kọ. Nígbà tí mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n bí i, ó ní, "Ìyá mi sọ pé ó ku bí ọdún méjì kí ìjà Ọ̀rẹ̀ ṣẹlẹ̀." Ẹ wò ó, ìdáhùn gidi nìyẹn. Oṣù kẹjọ 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba Mid-West kọjá dé Ọ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró níbẹ̀. Nǹkan bíi 1965 ni wọ́n bí Mama. Báǹkì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. NIN fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè kó tó kọ ọ́.

Irú ìṣirò yẹn, iṣẹ́ láíbìrì ni. Wọ́n lè tẹ pátákó kan mọ́ ara ògiri: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955, ìjà Ọ̀rẹ̀, August 1967, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, April 2, 1972, ọjọ́ tí náírà dé, January 1, 1973, ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, February 3, 1976. Mama á jókòó, wọ́n á bá a ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà ní báǹkì gẹ́lẹ́ sórí ìwé kékeré kan, á sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe NIN. Wákàtí kan lè gba ₦28,000 lọ́wọ́ ìnáwó.

Ohun kejì ni pátákó ìkéde. Kí láíbìrì máa lẹ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ àti ohun tó ti parí mọ́ ọn, ní Yorùbá, ní Ebira, ní pidgin, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: A kì í ta fọ́ọ̀mù. Ohun kẹta ni ẹ̀sùn. Ètò ìjọba náà ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fẹjọ́ sùn bí wọ́n bá fo ilé rẹ̀ tàbí tí owó rẹ̀ kò dé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà kò lè fẹjọ́ sùn. Kí ẹnì kan bá a kọ ọ́, kí ó kà á sí i létí, kí ó tẹ̀ka. Ohun kẹrin, kí wọ́n má fi ẹ̀dà NIN ẹnikẹ́ni pamọ́ síbẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni ti wà láti 2023, ohun ìtìjú sì ni fún ọ̀pọ̀ àgbà pé kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n wá tọrọ.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn ló mú mi rántí December 2024. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá tí wọ́n ti fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn tó ń wá ìrẹsì kú bákan náà ní Okija àti ní Abuja. Àwọn tó fẹ́ pín nǹkan náà kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí orúkọ tí a ti kọ sílẹ̀, tí kò sí àkókò tí a dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó lágbára jù ló máa débẹ̀ kọ́kọ́, ọmọdé á sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí olóṣèlú tó bá fẹ́ pín ìrẹsì ní Odigbó lè lo láíbìrì láti pín nọ́ńbà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìtò ìwé ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ bí a ti ń to èèyàn náà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Iná dà? Owó dà? Láíbìrì wo gan-an? Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àjọ tó ń rí sí láíbìrì, olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Àkúrẹ́, ibi tó ju wákàtí kan lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ìyá tó ti Agbabu wá kò lè lọ síbẹ̀ nítorí ìwé kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń béèrè kò ju yàrá kan, sólà kékeré, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti ẹnì kan tí kì í jágbe mọ́ àgbà. Bí kò bá sí ilé fún un, yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan lè ṣí lọ́jọ́ ọjà. Àwọn àgùnbánirọ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ ìlú nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa láíbìrì, tí ẹ ń wá ibi tí ẹ máa ti ṣe IT, ibi nìyí.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún ilé: ẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ẹ sì san owó dátà ọdún kan. Ó kéré sí owó tí à ń ná lórí aṣọ ẹbí kan.

Àwa tí a ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, bí a bá délé ní ìsinmi yìí, ká kọ́kọ́ béèrè ìwé NIN ìyá wa àti ti ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ká wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ti báǹkì mu. Ká béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ìgbà tí wọ́n máa tún pe ìpàdé ìdárúkọ, ká sì sọ ọ́ ní àgọ́ oko pẹ̀lú, kì í ṣe ní ìgboro nìkan. Lẹ́yìn náà ká jọ kọ lẹ́tà sí káńsù Odigbó, ká béèrè yàrá kan. Mo ti kọ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó sọ fún mi.