Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Já

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi bírò ṣe lára kásẹ́ẹ̀tì? Mo bi àwọn mẹ́fà ní kíláàsì wa. Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, òun náà torí pé mọ́tò bàbá rẹ̀ ti pẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Ẹ̀yin tíṣà wa, mo mọ̀ pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bírò yẹn ni wọ́n máa ń kì bọ ihò eléyín tó wà láàárín kásẹ́ẹ̀tì, wọn á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí téèpù tó tú síta á fi wọlé padà. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ìsinmi tó kọjá ni, ǹ bá má ti ṣe ohun tí mo ṣe.

Olórin ni ìyá tó bí màmá mi. Kì í ṣe olórin tí ẹ lè gbọ́ ní rédíò o. Wọn ò ṣe àwo kankan rí. Àwọn àti obìnrin mẹ́ta kan ládùúgbò wọn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n máa ń pè síbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà, kí wọ́n wá lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọrin, kí wọ́n máa ki ènìyàn. Wọ́n ti ṣaláìsí kí n tó dáyé. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó màmá mi ní 1998, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin gbé rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání, ó fi kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 sí i, ó sì gba orin ìyá wọn sílẹ̀. Gbogbo ohùn màmá àgbà tó kù láyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, tí o bá fẹ́ gbọ́ orin, o ní láti wà níbi tí olórin wà. Olórin yẹn rí ọ, ó mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, ó pè ọ́, o lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, orin á sì máa gùn títí owó á fi tán lápò rẹ. Àwo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan àwo ayé ìgbà yẹn ń gbà. Orin tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gé e ni. Nígbà tí àwo ńlá tó ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójú kan wá dé, ọmọ-ọmọ Àlùfáà yẹn, Fẹlá, ń fi orin kan ṣoṣo kún odindi ojú àwo. Bó bá sì ti kọ orin sínú àwo tán, kì í fẹ́ kọ ọ́ lóde mọ́. Ẹ tún wo Haruna Ishola. Ó kọ àpàlà tí wọ́n ń pè ní "Oroki Social Club" ní 1971, ó fi ki ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. Àwọn ẹgbẹ́ yẹn ló kì, àmọ́ torí pé inú àwo ló wà, àwọn tí kò dé Òṣogbo rí ń jó sí i. Bàbá mi ṣì ń jó sí i dòní. Wọn ò mọ ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ náà.

Nílé wa báyìí, ẹni márùn-ún ni wá, íápíìsì mẹ́rin ló wà. Tí NEPA bá múná lọ lálẹ́, oníkálukú á jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú orin tiẹ̀. Èmi gan-an, tí orin kan ò bá dùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, mo ti fò ó. Bàbá mi ní láyé tiwọn, tí o bá ti fowó ra kásẹ́ẹ̀tì, wàá gbọ́ èyí tí kò dùn kí o tó dé ibi tó dùn, tó bá sì yá, èyí tí kò dùn yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé fóònù ti ba orin jẹ́. Èmi ò gbà. Ká ní kò sí ẹ̀rọ, níbo ni mo ti fẹ́ gbọ́ ohùn màmá àgbà?

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ilé wa ti bàjẹ́ tipẹ́. Inú àpótí màmá mi ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà, wọ́n fi gèlè ìgbéyàwó wọn wé e. Mo fẹ́ ṣe é kó yà wọ́n lẹ́nu. Mo yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, mo ní kí n gba orin náà sínú fóònù kí wọ́n tó tọjà dé. Ó kọrin fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ohùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́, ó dákẹ́. Mo ṣí i. Ẹ̀rọ ti jẹ téèpù, ó lọ́ mọ́ inú rẹ̀ bí Indomie. Dípò kí n wá bírò, mo fà á. Ó já.

Mo gé ibi tó ti rún dànù, mo fi sẹ́lótéèpù so ó. Mo fi rúlà wọn èyí tí mo gé: sẹ̀ǹtímítà 45. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì sì máa ń rìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀yin ará Físíìsì, ẹ ti ṣírò rẹ̀ tán: bí ìṣẹ́jú-àáyá 9. Mo sọ lọ́kàn mi pé ta ló máa mọ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé fóònù fún màmá mi. Mo ní kí wọ́n fi íápíìsì gbọ́ ọ, wọ́n kọ̀, wọ́n ní kí gbogbo ilé gbọ́. Ibì kan wà tí màmá àgbà dákẹ́, tó jẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń dún. Mo rò pé téèpù ló bàjẹ́. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín: "Bùọ̀dá mi ló ń náwó fún wọn níbẹ̀ yẹn." Lẹ́yìn ìyẹn ló dé ibi tí mo so. Orin fò. Màmá mi gbójú sókè.

"Kí ló ṣe ibẹ̀ yẹn?"

"Ibo, mà?"

"Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti pe oríkì mi."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Nígbà tó tún dé ibẹ̀, àwọn fúnra wọn pe "Àdùkẹ́", ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ìyá wọn ṣe pè é. Àmọ́ àyè kankan ò sí níbẹ̀ mọ́, mo ti so ó pọ̀, ohùn wọn wá gun orí ohùn ìyá wọn. Mo ní mo lè gba tiwọn sílẹ̀, kí n fi app kan tẹ̀ ẹ́ bọ ibẹ̀. Wọ́n ní rárá, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà, a ò tíì gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé nǹkan ti dínkù níbẹ̀ náà, torí téèpù kan náà ni ojú méjèèjì ń lò, mi ò sì mọ ohun tí màmá àgbà ń sọ níbi tí mo gé. Mi ò lè fi í sínú ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ yẹn mọ́. Tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó dára nílé, ẹ jọ̀ọ́, SS 2B ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti ní bírò.