Ohùn Gìtá Olùkọ́ Wa

Nígbà tí olùkọ́ wa àgbà fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017, ó fi gìtá rẹ̀ ta wá lọ́rẹ, ó sì ní kí a fi í kọrin ìdágbére fún òun. A fa wáyà láti ara rẹ̀ tààrà sínú ẹ̀rọ tí ń darí ohùn. Áà! Ohùn tí ó jáde dà bí agolo tí a ń fi igi họ. Olùkọ́ wa bi ẹni tí ó jókòó tì í pé, “Gìtá ta ni èyí?” Ojú tì wá gidigidi.

Lẹ́yìn náà ni a wádìí ọ̀ràn. Agbóhùn inú gìtá náà wà lábẹ́ egungun tín-ín-rín tí àwọn okùn gùn lé. Ní ọdún 1880, ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie fi hàn pé àwọn òkúta dídán kan ń mú iná mànàmáná jáde bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ọgbọ́n yìí ni agbóhùn náà ń lò. Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò lè ru ẹrù. Ẹ̀rọ wa, tí ìdènà ẹnu rẹ̀ jẹ́ ohm 10,000 péré, fà á gbẹ, ohùn ìsàlẹ̀ sì kú. A ra àpótí kékeré oníbátìrì tí ìdènà ẹnu rẹ̀ tó ohm 1,000,000, a fi í sí àárín, ohùn ìsàlẹ̀ sì padà. (Èyí tí kò ní bátìrì tí a kọ́kọ́ yá kò ṣe wá ní ire kan.) Síbẹ̀, ẹsẹ̀ okùn ni agbóhùn ń gbọ́ ju ikùn igi lọ, nítorí náà a dín ohùn àárín kù díẹ̀, a sì fi ẹran ìka ta okùn dípò èékánná.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan a gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé olùkọ́ wa. Ó di ojú, ó gbọ́ ẹsẹ orin mẹ́ta, ó ní, “Okùn kẹrin ti gbó. Ṣé n kò ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni?”